Áàpù tó ń júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀: Bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ibi tí iṣẹ́ náà ti le jù

Àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Láàárín ìgboro, ìgbọ̀nsẹ̀ wà lára ohun tó máa ń lé àgbà jù. Ẹni tó bá mọ ibi tó lè yà sí á rọra rìn débẹ̀, á ṣe é tán, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ á máa wo ọ̀tún, á máa wo òsì, títí á fi rí ẹ̀yìn ògiri kan tàbí etí gọ́tà.

Fóònù tó wà lápò ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí lè júwe ilé epo, báńkì àti ilé oúnjẹ. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ṣe áàpù tó ń júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba náà: ẹ tẹ bọ́tìnì kan, ó sọ èyí tó súnmọ́ yín fún yín. Irú rẹ̀ ṣeé ṣe ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti ní Àkúrẹ́. Ọ̀dọ́ tó bá mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa lè kọ èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ áàpù náà kọ́ ni wàhálà. Kí ohun tó ń sọ jẹ́ òótọ́ lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ gidi. Àlàyé rèé.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù?

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè pa ìtọ̀ mọ́ra títí á fi délé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Aláboyún máa ń tọ̀ lemọ́lemọ́ nítorí pé ọmọ inú rẹ̀ ń tẹ àpò ìtọ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ máa ń tọ̀ gan-an nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ga. Bàbá àgbà tí próstéètì rẹ̀ ti wú lè tọ̀ tán báyìí, kí òmíràn tún máa gbọ̀n ọ́n láìpẹ́. Ọmọ kékeré kì í sọ pé òun fẹ́ ṣe é àfi ìgbà tó bá ti fẹ́ bọ́. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù sì nílò ibi tó ní omi, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì.

Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́jà àti awakọ̀ ń dá ni pé wọn kì í mu omi láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ sílé. Ọgbọ́n yẹn ní ìyà nínú. Omi ara máa ń gbẹ nínú oòrùn, ìtọ̀ tí èèyàn ń pa mọ́ra fún wákàtí gígùn sì lè mú kí kòkòrò àìsàn ráyè dúró sí ojú ilé ìtọ̀, pàápàá lára àwọn obìnrin.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan gbogbo ìlú. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ àti àjọ UNICEF tó jáde fún ọdún 2021 fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 48 èèyàn ló ń yàgbẹ́ síta gbangba ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2021 yẹn kan náà, àrùn kọ́lẹ́rà jà káàkiri: àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú lé ní 100,000, àwọn tó kú sì lé ní 3,500. Ìgbẹ́ tó bá wọ inú omi tí èèyàn ń mu ni kọ́lẹ́rà fi ń ràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, ti buwọ́ lu àṣẹ kan pé kí ìyàgbẹ́ síta gbangba dópin ní Nàìjíríà nígbà tó bá fi máa di ọdún 2025.

Áàpù kò lè kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ẹni tí kò ní in nílé. Ẹni tó lè ràn lọ́wọ́ ni ẹni tó wà láàárín ìgboro, tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà ní ìkóríta kejì, ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Níbo ni wọ́n ti ṣe é rí?

Orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ti pẹ́ nídìí ẹ̀. Ọdún 2001 ni ìjọba àpapọ̀ wọn gbé máàpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè náà jáde, kí fóònù ìgbàlódé tó gbòde rárá. Àwọn tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ máa ń já mọ́ lára ni wọ́n rò mọ́ ọn, kí ẹ̀rù má baà máa ba irú wọn láti jáde nílé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lórí máàpù náà báyìí lé ní 19,000, ó sì ń sọ èyí tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè wọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Great British Public Toilet Map. Gail Ramster, tó jẹ́ olùwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Royal College of Art ní London, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ohun tí wọ́n gbára lé ni àkọsílẹ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ àti ohun tí àwọn aráàlú bá fi kún un tàbí tí wọ́n bá ṣàtúnṣe sí.

Ní Íńdíà, Google bá ìjọba wọn ṣiṣẹ́ pọ̀ ní ọdún 2016 láti fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba sórí máàpù rẹ̀. Agbègbè Delhi àti àwọn ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kó tó tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn aráàlú máa sọ bí ibi kọ̀ọ̀kan ṣe rí nígbà tí wọ́n débẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò dá jókòó sí yàrá rẹ̀ kó mọ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ìjọba, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn tó ń lo ibẹ̀ ló sọ fún un.

Báwo ni áàpù náà ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nǹkan mẹ́ta péré ló ń ṣe. Àkọ́kọ́, ó ní láti mọ ibi tí ẹni tó di fóònù mú wà. Ìkejì, ó ní láti ní àkọsílẹ̀ ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ìkẹta, á wọn bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí, á wá tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Ti àkọ́kọ́, GPS ló ń ṣe é. Sátẹ́láìtì tó lé ní 24 ló ń yí ayé po ní òkè réré, níbi tó tó nǹkan bí 20,000 kìlómítà sókè. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ń pariwo aago àti ibi tó wà láìdákẹ́. Fóònù á gbọ́ ti mẹ́rin ó kéré tán, á wo bí ohùn ìkọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lọ́nà, á sì fi ìyẹn ṣírò ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé GPS ń jẹ dátà. Kò jẹ ẹ́. Bí rédíò ló ṣe ń ṣe: rédíò ń gbọ́ ohun tí ilé iṣẹ́ ń sọ, kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́ padà.

Èsì tí GPS ń mú wá jẹ́ nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà tó la ayé láàárín, ìkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich kọjá ní London. Ìbàdàn wà ní nǹkan bíi dígírì 7.4 sí àríwá ìlà àkọ́kọ́, àti dígírì 3.9 sí ìlà oòrùn ìkejì. Dígírì kan ní agbègbè wa tó nǹkan bí 111 kìlómítà. Nítorí náà, bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan bá fi 0.003 yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wá a, ó jìnnà tó mítà 333 lọ sókè. Bí ìkejì bá fi 0.004 yàtọ̀, ó tún tó nǹkan bíi mítà 440 lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Áàpù á pa méjèèjì pọ̀ nípa ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, á sì rí i pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà ní nǹkan bíi mítà 550 sí i. Ẹni tó bá rìn bí èèyàn ṣe ń rìn á débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méje.

Àmọ́, ẹyẹ tó ń fò nìkan ló lè gba ọ̀nà mítà 550 yẹn gbọọrọ. Ògiri, odò, gọ́tà ńlá tàbí títì onílà méjì tí kò sí afárá ẹlẹ́sẹ̀ lórí rẹ̀ lè wà láàárín. Áàpù tó bá gbọ́n máa ń tẹ̀lé ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ lè gbà gan-an. Ẹni tí nǹkan ń lé kò lè máa yí ògiri sẹ́kítéríàtì po.

Kókó kan tún wà tó kan àwọn ọjà wa. Ní ìta gbangba, GPS máa ń ṣì ní nǹkan bíi mítà márùn-ún péré. Lábẹ́ páànù ọjà tàbí láàárín ilé alájà púpọ̀, ó lè ṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, á sì gbé èèyàn lọ sí ìsọ̀ aláta dípò ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí áàpù máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu kún un: "Bí ẹ bá ti dé ìsọ̀ àwọn alẹ́ran, ẹ yà sápá òsì, ilé aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìlọta ni." Àpèjúwe ni alágbẹ̀dẹ ń rọ. Irú ìjúwe yìí ni ará ọjà máa ń ṣe fún àlejò, èyí sì ni àlejò máa tètè gbọ́ yé.

Ta ló máa kọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò ní láti ya máàpù tuntun. OpenStreetMap wà, máàpù gbogbo ayé tí Steve Coast bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004, tí ẹnikẹ́ni lè fi nǹkan kún, tí ẹnikẹ́ni sì lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ bó bá ti dárúkọ ibi tó ti mú un. Ó ní ààyè fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀: èèyàn lè kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá wọ́n ń gba owó, bóyá kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè wọlé, aago tí wọ́n ń ṣí àti èyí tí wọ́n ń tì, àti bóyá àwọn oníbàárà nìkan ló wà fún. Ohun tí ẹnì kan bá kọ síbẹ̀ fún Ìbàdàn lónìí, áàpù ẹlòmíràn lè lò ó lọ́la.

Ṣùgbọ́n máàpù náà kò lè mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sí i. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìyókù. Ẹnì méjì lè mú ọjà kan, kí wọ́n fi ọjọ́ méjì rìn ín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí wọ́n bá ìyálọ́jà àti àwọn tó ń tọ́jú ọjà sọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀:

• Aago wo ni wọ́n ń ṣí, aago wo ni wọ́n ń tì? Ṣé wọ́n ń ṣí lọ́jọ́ Ìsinmi?
• Èló ni wọ́n ń gbà? Ṣé ti ìtọ̀ yàtọ̀ sí ti ìgbẹ́?
• Ṣé omi wà? Ṣé ọṣẹ wà?
• Ṣé ti obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin? Ṣé ilẹ̀kùn ń tì láti inú?
• Ṣé àwo ìjókòó ni, àbí ṣálángá tí èèyàn ń lóṣòó sí?
• Ṣé àtẹ̀gùn wà lẹ́nu ọ̀nà? Àgbàlagbà tó ń lo ọ̀pá ńkọ́?
• Ṣé iná wà lálẹ́?
• Ta ló ń tọ́jú ibẹ̀ lójoojúmọ́?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Òun gan-an ló sì máa sọ bóyá áàpù náà á wúlò tàbí kò ní wúlò.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le

Ilé epo kì í ṣí nípò lóru mọ́jú. Báńkì kì í ṣàdédé tì láago méjìlá ọ̀sán nítorí pé omi tán. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi lè jó. Kòtò lè kún. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ lè lọ sí ìsìnkú. Nǹkan tí wọ́n kọ sílẹ̀ lóṣù Kejì lè ti di irọ́ lóṣù Kẹrin, láìsí pé ẹnikẹ́ni purọ́.

Irọ́ áàpù yìí sì burú ju kéèyàn má ní áàpù rárá lọ. Ẹni tí kò ní áàpù á tètè bẹ onílé kan pé kó dákun. Ẹni tí áàpù sọ fún pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níwájú á rìn ín tán, á bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, àsìkò á sì ti lọ. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì, á pa áàpù náà rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀, kò sì ní padà síbẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ó yẹ kí áàpù mọ ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Lábẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kó kọ ìgbà tí ẹnì kan fojú rí i gbẹ̀yìn pé ó ṣí: "Wọ́n rí i láàárọ̀ yìí", "Wọ́n rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá", "Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ti sọ nǹkan kan nípa ibí".

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ẹnì kan wà láàárín ọjà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àkọ́kọ́ wà ní mítà 200 sí i, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni wọ́n ti fojú rí i gbẹ̀yìn pé ó ṣí. Ìkejì wà ní mítà 450, wọ́n sì rí i pé ó ṣí láago mẹ́jọ àárọ̀ òní. Èwo ló yẹ kí áàpù kọ́kọ́ júwe? Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń wo èyí tó súnmọ́ jù, àkọ́kọ́ ló máa mú. Bí àkọ́kọ́ bá wá tì, ẹni náà á ti rin mítà 200 lọ, á tún máa rìn láti ibẹ̀ lọ sí ìkejì, ó sì lè jẹ́ òdìkejì ọ̀nà ló wà. Ìkejì ló yẹ kó wà lókè, kí àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé "kò dájú". Ẹni tó mọ̀ pé òun lè fara dà á fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí i ló máa yan èyí tó wù ú.

Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ni olóòótọ́ jù

Yorùbá ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Kò sí ẹni tó mọ ipò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí ẹni tó ń fọ̀ ọ́, tó ń pọn omi sí i, tó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gba owó. Òun ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé omi tán. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe irú áàpù yìí, àwọn ọmọ iléèwé tó ní fóònù ńlá ni wọ́n sábà máa ń rò pé yóò máa mú ìròyìn wá. Àwọn yẹn máa ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó máa ń sú wọn.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lo fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Wọn kò lè gba áàpù kankan sórí rẹ̀, dátà kò sì sí nínú ìnáwó wọn. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ṣe: fíláàṣì. Àwọn tó ń ṣe áàpù lè ya nọ́ńbà fóònù méjì sọ́tọ̀. Bí olùtọ́jú bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, á fíláàṣì nọ́ńbà àkọ́kọ́. Bí omi bá tán tàbí tó bá ti ibẹ̀, á fíláàṣì ìkejì. Kọ̀ǹpútà kò ní gbé ìpè náà, nítorí náà owó kò ní kúrò lórí fóònù rẹ̀. Ó kàn máa wo nọ́ńbà tó pè, á mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó jẹ́ ti nọ́ńbà yẹn, á sì yí "ó tì" padà sí "ó ṣí" lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìwé kíkà níbẹ̀, kò sí èdè òyìnbó níbẹ̀.

Kí ni olùtọ́jú máa rí jẹ níbẹ̀? Bí wọ́n bá ń gba owó, àwọn tó ń wọlé á pọ̀ sí i. Òun gan-an ni èrè. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ń san owó oṣù fún un, àkọsílẹ̀ yẹn á fi hàn pé ó ń wá síbi iṣẹ́, á sì tún fi hàn bí omi bá ti ń tán lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹnu ẹnì kan kò tó. Olùtọ́jú lè sọ pé ibẹ̀ ṣí nígbà tí ó dọ̀tí. Nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹnì kan bá ti lo áàpù láti débẹ̀, kí áàpù béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀: "Ṣé ẹ rí i lò?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kó má sì jẹ́ pé ẹnì kan péré lè ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹlòmíràn pa lórí áàpù, torí ẹni tó ń ṣe irú òwò kan náà lè fi ṣe ìkà. Kí ẹni méjì tó yàtọ̀ síra sọ ọ́ kí áàpù tó gbà.

Fóònù kékeré, dátà táṣẹ́rẹ́

Àkókò tí dátà máa tán ni nǹkan máa ń lé èèyàn. Áàpù tó bá ní láti bá íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ kó tó dáhùn lè já èèyàn kulẹ̀. Ohun tó dára jù ni kó ti kó gbogbo àkọsílẹ̀ ìlú náà sínú fóònù tẹ́lẹ̀, kó sì máa wá ìròyìn tuntun nígbà tí dátà bá wà.

Ìyẹn kò wúwo. Bí àkọsílẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan bá gba lẹ́tà 500, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 1,000 kò ju ìdajì mẹ́gábáìtì lọ. Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó máa ń wúwo ni àwòrán máàpù mèremère. Áàpù lè pa ìyẹn tì, kó kàn sọ pé: "Mítà 450, sápá ọjà ẹran", pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka síbẹ̀.

Èdè náà ṣe pàtàkì. Kí ó lè sọ Yorùbá, kó tún lè fi ohùn sọ ọ́ jáde fún ẹni tí kò ríran kàwé dáadáa. Kí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi, torí ọwọ́ ẹni tí ara ń gbọ̀n ló máa tẹ̀ ẹ́.

Àṣírí àti ààbò

Ibi tí èèyàn ń lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ àti iye ìgbà tó ń lọ jẹ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń kó irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ lè mọ ẹni tó lóyún tàbí ẹni tó ní àìsàn kan. Kò sí ìdí kankan tí áàpù fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí àkọsílẹ̀ bá ti wà nínú fóònù, fóònù fúnra rẹ̀ lè ṣe ìṣirò náà láìsọ ibi tí ẹni náà wà fún ẹnikẹ́ni. Kò nílò orúkọ, kò nílò nọ́ńbà fóònù, kò nílò àkáǹtì. Òfin ààbò ìròyìn ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 náà sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gba ìròyìn tó ju èyí tó nílò lọ.

Ààbò tún kan ojú ọ̀nà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé àkísà lè dára lọ́sàn-án, kó léwu fún obìnrin láago mẹ́jọ alẹ́. Bí áàpù bá mọ ibi tí iná wà àti ibi tí olùtọ́jú máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó fi ìyẹn síwájú lálẹ́.

Ti ilé epo àti ilé oúnjẹ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ ní ìgboro ló wà lọ́wọ́ aládàáni: ilé epo, ilé oúnjẹ, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n sórí áàpù láìgba àṣẹ, torí ìjà ló máa dá sílẹ̀ láàárín àlejò àti gáàdì.

Àwọn ìlú kan ní Jámánì ti wá nǹkan ṣe sí i. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni ìlú Aalen ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní Nette Toilette. Ilé oúnjẹ tó bá gbà á lẹ sítíkà sẹ́nu ọ̀nà pé ẹnikẹ́ni lè wọlé lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìra nǹkan kan, ìlú sì ń san owó díẹ̀ fún un láti fi tọ́jú ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti gba àṣà náà lọ́wọ́ wọn. Ó máa ń dín ìnáwó kù fún ìjọba, torí kò ní láti kọ́ ilé tuntun.

Ní tiwa, olóògbé Isaac Durojaiye, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ọ̀túnba Gaddafi, ti fi ilé iṣẹ́ DMT rẹ̀ hàn pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká lè di okòwò tó ń fún àwọn èèyàn níṣẹ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń ṣe irú òwò yìí ló yẹ kí ẹni tó ń ṣe áàpù kọ́kọ́ lọ bá. Wọ́n lè fẹ́ sanwó kí tiwọn máa hàn lórí áàpù. Kò burú. Ohun tó máa burú ni kí owó gbé èyí tó jìnnà lékè èyí tó wà nítòsí.

Ibo ni kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀?

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ kan odidi. Ọjà kan àti gáréèjì kan tó. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ogún tí gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nípa wọn jẹ́ òótọ́ lónìí sàn ju 500 tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò láti ọdún tó kọjá. Bí ogún yẹn bá ń lọ déédéé fún oṣù mẹ́ta, tí àwọn olùtọ́jú ń fíláàṣì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a lè fi ọjà kejì kún un.

Lẹ́yìn náà ni èrè kan á wá hàn tí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò. Nígbà tí wọ́n bá tẹ́ máàpù náà sílẹ̀, ibi tí kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rárá á hàn kedere: ibùdókọ̀ ńlá tí kò ní ẹyọ kan láàárín kìlómítà kan, tàbí ọjà tí èyí tó wà níbẹ̀ máa ń tì ní ọjọ́ mẹ́rin nínú méje. Ẹni tó bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ bá alága ìjọba ìbílẹ̀ kò ní máa bá a jiyàn lórí ohun tí ojú rí. Ọjọ́ àti aago á ti wà nínú ìwé náà.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe áàpù yìí lè fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ ná. Kó kọ́kọ́ lọ sí ọjà tó wà ládùúgbò rẹ̀, kó kí ìyá tàbí bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀, kó sì béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, bí omi bá tán níbí, ta lẹ máa ń sọ fún?"